Ta Ló Se Omi Yìí?

Ọjọ́ kẹta la tó ráyè wọnú ilẹ̀ Ògìdì,
lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí àpáta ti yọ èjìká
bí ẹran tó fẹ́ dìde tó tún èrò rẹ̀ pa.
Eyín irin méjì ti kán.
Jẹ́mírìn ọ̀gá mi ń bú òkúta, ó ń bú ẹ̀rọ,
ó ń bú ẹni tó ta dísẹ́ẹ̀lì fún un ní Kàbbà.

Ní àádọ́rùn-ún mítà, omi dé.
Ó bú sókè, ó kun gbogbo wa ní funfun.
Mo na ọwọ́ sí i, mo ti múra àtigbọ̀n.
Kò tutù.
Kò gbóná náà. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́
bí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ tuntun.
Jẹ́mírìn ní, "Oòrùn ló wọnú páìpù."
Lóru, mo yọ́ lọ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.
Oòrùn wo?

Abẹ́jirin ló là á yé mi, ọmọ ilé olókè,
tó lọ kọ́ nípa ilẹ̀ ní Zaria tó sì bọ̀ láìníṣẹ́.
Ó fi bàtà ta àpáta.
"Gbogbo èyí, iná ni í ṣe rí.
Ó ń ṣàn kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan ibí.
Ṣé o mọ ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé?
Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dì, á tutù,
ọmọ olójúkòkòrò á gé e jẹ,
ahọ́n rẹ̀ á sọ ohun tó wà láàárín fún un."

Ó ní àwọn ìlú kan ń bẹ lókèèrè
tí òkè ayọnáyèéfín ti ń hó lẹ́yìn ilé wọn bí ìkòkò.
Wọ́n ti páìpù bọ ibẹ̀,
ooru ń jáde, ooru ń yí àgbá, iná ń tàn,
kò sí ẹni tó ń to kẹ́ẹ̀gì nílé epo.
"Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tiwa ti pẹ́ tó ti sùn.
Bóyá bí èèyàn bá gbẹ́ ẹ ní kìlómítà mẹ́ta, mẹ́rin..."
Ó wo ẹ̀rọ wa tó ń wú ikọ́. Kò parí ọ̀rọ̀.

Èmi ò kàwé tó o.
Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwa Ọ̀kun ń pe ohun méjì ní iná:
èyí tó ń jó, àti èyí tí kò sí.
Wáyà ńlá gba orí oko wa kọjá,
ẹyẹ ló ń bà lé e.
Nọ́ọ̀sì Ọ̀rẹ́bíyì fi aṣọ tútù wé abẹ́rẹ́ àjẹsára,
ó gbé e sínú kúlà, ó ń ka wákàtí.
Mo ní, bí iná abẹ́ ilẹ̀ bá lè mú kí abẹ́rẹ́ tutù,
ayé yìí mà le o.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Olúbákà gbé korobá dé,
ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọjọ́ mẹ́fà.
Ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi, ó dúró.
"Ta ló se omi yìí?"
A ní a ò se é.
"Mo mọ̀ pé ẹ ò se é. Ta ló se é?"
Jẹ́mírìn ń wo ilẹ̀. Abẹ́jirin rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.
Ìyá ní ẹni yòówù kó jẹ́, ó kú iṣẹ́.
Ó jókòó sórí àpáta, ó wẹ ọmọ náà níbẹ̀,
ọmọ ò tilẹ̀ ké.

Ọ̀sán la kó irin wa sọ́kọ̀, Ìyàrà ló kàn.
Ẹ̀rọ tí a fi sílẹ̀ láti máa fa omi náà,
dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu.
Mo gbọ́ pé ọjọ́ kọkànlá ló dákẹ́.